Fọ́tò Tí Wọ́n Yà Lórí Adágún

Ọjọ́ kejì ni ìròyìn náà tó dé àgọ́ ọlọ́pàá. Dókítà kan ló pè lórí fóònù. Ó ní abẹ tó ń yí nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ kan ti ya ọwọ́ ọ̀tún ọmọbìnrin aránṣọ kan yánna-yànna lórí adágún, òun sì rò pé ẹni tó ni ọkọ̀ ti fi tó ọlọ́pàá létí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Nígbà tí ìnsípẹ́kítọ̀ yóò fi dé èbúté, wọ́n ti fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, ó ń dán yinrin nínú oòrùn bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Obìnrin ni ìnsípẹ́kítọ̀ yìí. Ohùn rẹ̀ kì í ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yá. Tún-un-sọ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tí ènìyàn sọ fún un tí kò ní ní kó tún un sọ.

Ọlọ́kọ̀ jókòó sórí pákó èbúté, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Ẹkún náà kì í ṣe ti ẹ̀tàn. Àbúrò bàbá ọmọ tó fara pa ni. Òun ló gbà á tọ́ nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kú, Dádì ló sì ń pè é. Ó ṣàlàyé pé awakọ̀ òun ló mutí yó, tó dìde láàárín adágún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, tó ṣubú sómi. Ọkọ̀ yí bìrí, ó da ọmọ náà sómi pẹ̀lú. Ó wá ń yí kiri láìsí ẹni tó ń wà á, títí ó fi padà kọ lu ọmọ náà níbi tó ti léfòó nínú láìfù jákẹ́ẹ̀tì.

Okùn pupa kan máa ń wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ á so orí kan mọ́ ọrùn ọwọ́, á fi orí kejì há súìṣì ẹ́ńjìnnì. Bó bá ṣubú, okùn á fà yọ, ẹ́ńjìnnì á sì kú lójú ẹsẹ̀, torí kì í ṣiṣẹ́ bí nǹkan kan ò bá há súìṣì náà.

"Mo fún un ní okùn, ó kọ̀, kò so ó," ni ọlọ́kọ̀ wí.

"Ẹ tún un sọ."

"Màdámú, ṣé etí yín di ni?"

"Etí mi ò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ wo okùn tó rọ̀ létí súìṣì. Oòrùn ti jẹ ìjókòó ọkọ̀ náà títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣá. Okùn yìí nìkan ló pupa yòò bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ọ̀rá.

Ó mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti awakọ̀ nìkan, ẹ̀wọ̀n ni yóò lọ, aránṣọ náà kò sì ní rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní nǹkan kan. Ọwọ́ yẹn ló sì fi ń jẹun.

Ní àgọ́, awakọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yẹ òun wò, òun ò fẹnu kan ọtí.

"Ká ní àná ni wọ́n pè wá, à bá yẹ̀ ọ́ wò," ni ìnsípẹ́kítọ̀ dá a lóhùn. "Lónìí, àyẹ̀wò kò lè gbè ọ́ mọ́, ọtí kì í pẹ́ lára. Kí lo dìde ṣe?"

Fọ́tò ni. Gbogbo oníbàárà ló ń fẹ́ fọ́tò, ọ̀gá sì ti pàṣẹ pé kí awakọ̀ máa lọ dúró níwájú ọkọ̀, kó yà wọ́n tòun ti omi lẹ́yìn wọn. Okùn kò lè gùn dé ibẹ̀, torí náà kò sókùn.

"Kí ló wá há súìṣì?"

Awakọ̀ sorí kọ́. "Pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sáṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a. Mo mọ̀ pé kò dáa, Màmá. Iṣẹ́ ni mi ò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ó fi fóònù ọmọ náà, tó fi ya fọ́tò, lélẹ̀, nínú àpò rọ́bà tí omi kì í wọ̀ tó gbé kọ́rùn lọ́jọ́ náà. Nínú fọ́tò, aránṣọ ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ibi ìwakọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣófo. Lẹ́yìn ibẹ̀, omi ń hó funfun tẹ̀lé ọkọ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ padà sí èbúté. Ọkọ̀ méjì wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti tì wọ́n mọ́bẹ̀ kí awakọ̀ yìí tó gba iṣẹ́, ọlọ́kọ̀ nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́. Ó ká tápólì tí eruku bò kúrò lórí wọn, ó tẹ̀ síwájú, ó wo súìṣì wọn.

Nígbà tó dé ọsibítù, ọlọ́kọ̀ wà létí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́yà kan ti wá láàárọ̀. Ó sọ fún ọmọ náà pé ó lè bá Dádì rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ nílé, ṣùgbọ́n tó bá ti tọwọ́ bọ̀wé, ó ti parí nìyẹn, kò lè béèrè nǹkan kan mọ́. Tàbí kó pè é lẹ́jọ́, kí adájọ́ wo ohun tí ọwọ́ tó bàjẹ́ náà ti mú kó pàdánù. Ní báyìí, Dádì ń bẹ̀ ẹ́. Òun á kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún un, òun á gba àwọn tí yóò máa rán aṣọ fún un, kó ṣáà sọ pé ọtí wà lẹ́nu awakọ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ gbé fọ́tò náà síwájú ọlọ́kọ̀. "Bàbá, ẹ wò ó. Omi ń hó, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni níbi ìwakọ̀, ẹni tó ń ya fọ́tò ti dé iwájú ọkọ̀. Fọ́tò tí ẹ ní kó máa yà ló gbé e débẹ̀, kì í ṣe ọtí, okùn ò sì lè gùn dé ibẹ̀. Pẹ́ẹ̀gì ló há súìṣì, ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn ìjàǹbá, ẹ fi okùn tuntun tí oòrùn ò tíì ṣá rọ́pò. Àmọ́ ẹ gbàgbé ọkọ̀ méjì tó wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Pẹ́ẹ̀gì wà lára àwọn náà. Awakọ̀ yẹn ò tíì wọ ṣẹ́ẹ̀dì rí."

Ọlọ́kọ̀ wo ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ó ní òun kò rò ó pé ó lè kan ọmọ òun, pé gbogbo àwọn tí òun ń gbé kiri látọjọ́ yìí, kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

"Ọmọ àwọn kan làwọn náà, Dádì," ni aránṣọ wí.

Ó kọjú sí i.

"Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, mi ò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n mi ò gba ṣọ́ọ̀bù yẹn. Màá sọ fún wọn pé awakọ̀ ò mutí, màá sì pè yín lẹ́jọ́ nítorí ọwọ́ mi."