Kọ̀ǹpútà Tó Ń Pẹ́ Jí

Lọ́jọ́ tí Súkúrù kọ́kọ́ rí Tíṣà, kọ̀ǹpútà ló ṣíwájú wọ ṣọ́ọ̀bù tí Súkúrù ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Tíṣà gbé àpótí irin náà mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Ojú Tíṣà nìkan ló yọ lókè àpótí náà, ó sì ń dán débi pé ojú ti gílóòbù tó wà lájà, ló bá kú. Súkúrù, tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nítorí súkúrù kéékèèké tó máa ń há sẹ́nu bó bá ń ṣiṣẹ́, gbé ọ̀kan mì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ń pẹ́ jí."

"Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó, Àǹtí?"

"Tí mo bá tàn án, màá fọṣọ, màá sá a, á gbẹ, màá lọ̀ ọ́. Kò tíì jí."

"Èyí ò sùn o. Ó ti kú, ojú ló ń tì í láti sọ."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba inú Súkúrù kọjá, ó bá súkúrù yẹn níbẹ̀, ó sì dè é pinpin.

Súkúrù ṣàlàyé pé awo kan ló ń yí nínú dírááfù àtijọ́, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù pamọ́ sí, bíi bàbá arúgbó tó ń wá fìlà láti yàrá dé yàrá. Ó mú tuntun tó fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ jáde: tuntun yìí pẹlẹbẹ bíi bisikíìtì, nǹkan kan ò yí nínú rẹ̀. Kéèyàn tó pè é, ó ti dáhùn.

"Ṣùgbọ́n ilé yín ni màá ti ṣe é," ló wí. Irọ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kó ti ṣe é, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fẹ́ mọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n délé Tíṣà, kíkó ẹrù inú ti àtijọ́ sínú tuntun ń rá bí ìgbín tí kò fẹ́ délé àna. Àwọn méjèèjì jókòó tì í. Tíṣà sọ ìtàn àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, Súkúrù sọ ti àwọn kọ̀ǹpútà tó ti bá eku nínú wọn. Nígbà tó fi máa parí, "ẹ" ti di "o", "Àǹtí" ti di "ìyàwó mi".

"Ta lo san owó orí rẹ̀?" ni Tíṣà bi í.

"Mo ṣì ń wojú ìyá rẹ ná."

Ìyá sì wọlé pẹ̀lú ife tíì, ó fẹ́ jókòó. Súkúrù tẹ bọ́tìnnì. Ìka rẹ̀ ò tíì kúrò níbẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi lajú gbàrà. Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ìyá dúró sójú kan.

"Ta ló ní kó yá báyìí? Bí ọkọ mi bá ti tàn án, á ní, 'Jókòó tì mí kó tó jí.' Ibẹ̀ la ti ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ la ti ń parí ìjà. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, mo ṣì ń jókòó ti kọ̀ǹpútà yẹn. Ìwọ wá gbé ìjókòó yẹn lọ. Má padà wá sílé mi mọ́."

Tíṣà sin Súkúrù dé ẹnu ọ̀nà. "Mi ò lè fẹ́ ẹni tí ìyá mi ò fẹ́ rí."

Ìrònú mú Súkúrù gbẹ débi pé bó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, wáyà ló sanra. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó padà lọ kanlẹ̀kùn.

"Mo wá dá ti àtijọ́ padà, Mà."

Ìyá yà fún un. Súkúrù kúnlẹ̀ ti kọ̀ǹpútà, ó ń tú iṣẹ́ ara rẹ̀.

"Ojú ò tì ẹ́?"

"Ó ń tì mí, Mà. Báwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá gbọ́, mo gbé. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin àti Bàbá jókòó síbẹ̀. Ǹ bá ti tọrọ àyè kí n tó wọlé."

Ìyá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi etí ìró nu ojú.

"Fi tuntun sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ mi gan-an máa ń ṣépè fún ti àtijọ́ yẹn. Kì í ṣe ìpẹ́ yẹn ló dùn, ẹni tí mo bá jókòó ni. Tíṣà, gbé àga méjì wá fún un."

"Èèyàn kan ni, Màmá," ni Tíṣà wí.

"Ìwọ ńkọ́? Ìnàró lo máa wà fẹ́ ọkọ?"

Tíṣà gbé àga méjèèjì wá, ó tò wọ́n débi tí orúnkún fi kan orúnkún. Ó di ọwọ́ Súkúrù mú lójú ìyá rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí tíì tí Ìyá gbé wá fún wọn fi tutù.