Ilẹ̀kùn Mọ́tò Alhaji Abdul-Ganiyu

Ìborùn pupa ni Àrìmíyàù kọ́kọ́ rí. Ọmọbìnrin kan ń fi ọwọ́ òsì wa ògbólógbòó Peugeot akóbì wọ gáràjì kan ní Anyama, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbíjàn, lọ́dún 2006, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ìborùn tó ti so mọ́ ilẹ̀kùn apá kejì kó má baà ṣí, bí ẹni ń fa ewúrẹ́ aláìgbọràn lọ sílé.

Àrìmíyàù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ mọ́tò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Ignace, bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" ọmọbìnrin náà bi í. "Rufaidah ni mí, ọmọ Alhaji Abdul-Ganiyu, olóbì. Ọwọ́ inú ilẹ̀kùn yìí ti há, kò jẹ́ kó tì mọ́. Ṣé o mọ irú mọ́tò yìí, àbí kí n dúró de patron, ọ̀gá rẹ?"

"Bí mo ṣe mọ orúkọ ìyá mi!"

Irọ́ ni. Kò tú inú ilẹ̀kùn irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò sí nílé, ọmọge arẹwà sì dúró tì í. Ọ̀dọ́kùnrin wo ni yóò sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké. Rufaidah tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ní kó máa kó wọn síbẹ̀ kí wọ́n má baà sọnù sínú iyẹ̀pẹ̀. Ìyẹn gan-an ló kó sí i lórí. Dípò kó wá pínnì kékeré tó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú lẹ́yìn, ó fagbára fà á. Ó dún kán. Ìdí irin ọwọ́ ilẹ̀kùn náà ti dá.

Wọ́n wo ara wọn.

"Yàkó," ni Rufaidah sọ wẹ́lẹ́, bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn kẹ́dùn ní Àbíjàn.

Àrìmíyàù fi wáyà so ó, ó dá awọ ilẹ̀kùn padà, ó dán an wò, ó ṣí, ó sì tì. Ó bẹ Rufaidah pé kó má sọ fẹ́nì kan, kò sì sọ. Láti ọjọ́ náà, àtíkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, àti ẹja díndín bẹ̀rẹ̀ sí í dé gáràjì lọ́sàn-án, ẹni tó ń gbé e wá kì í sì í tètè lọ. "Onímọ̀ ilẹ̀kùn mi," ló máa ń pè é. "Aláborùn pupa," lòun náà máa ń dáhùn. Kí wọ́n tó mọ̀, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Rufaidah fi mọ́tò gbé bàbá rẹ̀ lọ kírun. Níwájú mọ́ṣáláṣí, Alhaji fa ọwọ́ ilẹ̀kùn. Wáyà já, ó lọ há sínú irin tó ń ti ilẹ̀kùn. Kò ṣeé ṣí nínú, kò ṣeé ṣí lóde. Ni bàbá oníkùn ńlá bá ń wọ́ lórí àga, kó lè gba ibi awakọ̀ jáde. Agbádá funfun kọ́ mọ́ jíà, ó ya fàà. Fìlà bọ́ sínú ẹrẹ̀. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà ń fọwọ́ bo ẹnu.

"Rufaidah! Kí lo fi ilẹ̀kùn mi ṣe?"

Àrìmíyàù wà láàárín èrò, ó ká ẹní ìkírun mọ́ abíyá. Rufaidah gbójú sókè wò ó. Àrìmíyàù wo bàtà ara rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Papa," Rufaidah sọ. "Èmi ni mo máa ń fagbára tì í."

"Ó parí! O ò ní fọwọ́ kan mọ́tò mi mọ́!"

Ojú ti Àrìmíyàù. Ìtìjú náà bá a dé ìdí oúnjẹ, ó bá a dé orí ẹní. Bó bá fẹ́ bọ́jú, kò fẹ́ wo omi. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ẹ̀sín tirẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ló bá a rù ú. Rufaidah náà ló wá ń sá fún lójú títì.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ bá a níbi tó ti ń ṣa obì.

"Rufaidah, jọ̀ọ́. Pardon."

"Ilẹ̀kùn kọ́ ló dùn mí. Tout le monde gâte quelque chose, kò sẹ́ni tí kì í ba nǹkan jẹ́. Mo wò ọ́, o wo bàtà. Bí wọ́n bá tún bú mi lọ́la nítorí rẹ, ṣé bàtà yẹn náà lo máa wò?"

Àrìmíyàù yípadà. Gáràjì ló gbà lọ tààrà, ó jẹ́wọ́ fún Ignace pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú ilẹ̀kùn náà. Ignace rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kó tó fi ojú ibi tí pínnì wà hàn án, ó sì wá ọwọ́ ilẹ̀kùn àlòkù kan fún un.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, bí èrò ṣe ń jáde, Àrìmíyàù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

"Alhaji, ọwọ́ mi ló ba ilẹ̀kùn yín jẹ́. Wáyà ni mo fi bo àṣírí ara mi. Rufaidah kò fagbára tì í rí. Ẹ jẹ́ kí n tú u níbí, kí gbogbo ẹni tó rí ẹ̀sín yín rí tèmi."

Alhaji nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Tú u."

Ó gba apá awakọ̀ wọlé. Ó fi pẹ̀lẹ́ ti pínnì jáde, ó ṣí awọ ilẹ̀kùn, ó yọ wáyà. Ilẹ̀kùn ṣí gbaragada, gbogbo ojú sì rí irin tó dá àti wáyà tó já. Èrò ń kùn. "Ah, le maître! Ọ̀gá mọ́tò!" ẹnì kan pariwo. Àrìmíyàù kò sá, ó mú ọwọ́ ilẹ̀kùn àlòkù náà jáde. Nọ́ọ̀tì ti kún ọwọ́ rẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò kó wọn sí. Ó rí àtẹ́lẹwọ́ kan tó tẹ́ sílẹ̀ lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Má jẹ́ kí eléyìí náà dá o," Rufaidah sọ wẹ́lẹ́.

Nígbà tó parí, Alhaji wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló ṣí i láti inú, ó fẹsẹ̀ ọ̀tún jáde. Ó na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí ọmọ rẹ̀.

"Gbé wa lọ sílé. Ìwọ Àrìmíyàù, wọlé, ìdí ilẹ̀kùn ni kó o jókòó. Mo rí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ mi, n kì í ṣe afọ́jú. Ẹni tó lè tú àṣírí ara rẹ̀ lójú èrò Jímọ̀, mo lè fọmọ fún un. Ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n wá tọrọ rẹ̀. Títí wọ́n á fi dé, èmi ni n ó máa jókòó láàárín yín."

Mọ́tò gbéra. Ìtìjú kò tíì tán lára Àrìmíyàù, ó tẹrí ba. Rufaidah yọjú síwájú agbádá bàbá rẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi, bàtà náà tún ni?"

Àrìmíyàù gbójú sókè, ó wò ó.