Ohùn Tó Wà Nínú Máíkì

"Ẹ dákẹ́ ná! Ẹ gbọ́!" ni olùkọ́ físíìsì wí, ó sì na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ dá mọ́tò dúró.

Gbogbo ọmọ Ẹgbẹ́ Onísáyẹ́ǹsì tó wà nínú yàrá ìkàwé pa lọ́lọ́. Láti inú sípíkà tó wà lórí tábìlì, ohùn kan ń jáde: ṣììììì. Kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀, kò sì sinmi. Ó kàn ń bá tirẹ̀ lọ bí omi tó ń gbóná lórí iná.

"Ẹ ò rí i?" ni ọmọkùnrin tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà wí. Ààrẹ ni gbogbo wọn ń pè é, orúkọ náà sì ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ó ń rìn bí ẹni tí ẹ̀ṣọ́ ń tẹ̀ lé. "Ẹ̀rọ Ìyá Oníyìnyín nìyẹn! Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kàwé nínú irú èyí?"

Ọmọbìnrin tó gba ohùn náà sílẹ̀ jókòó lẹ́yìn, inú rẹ̀ ń dùn. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilé ìwé o, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wà ní kékeré tó béèrè ìdí tí òjò kì í fi í rọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè ni wọ́n ti ń pè é ní Kílódé. Ìyá tó bí i gan-an ti gbàgbé orúkọ kejì.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò le. Lẹ́yìn ògiri yàrá ìkàwé ni ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníyìnyín wà, níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ sọ omi di yìnyín fún àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn tó ń ta ohun mímu. Ilé ìwé ti fẹjọ́ sun ìgbìmọ̀ àdúgbò pé ẹ̀rọ náà ń dí àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Bí ẹ̀rí náà bá múlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ìyá náà yóò kó kúrò níbi tó ti ń ṣòwò fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò sí ẹnì kan nínú yàrá náà tó ronú kan ìyẹn. Ìdánwò àṣejáde ku oṣù méjì, kálukú ń gbọ́ ti ara rẹ̀.

Olùkọ́ yin Kílódé, ó ní kó fọwọ́ sí ìwé pé òun ló gba ohùn náà. Ó fọwọ́ sí i. Olùkọ́ tún fún un ní lẹ́tà kan nípa ẹ̀rí náà pé kó mú un lọ fún Ìyá Oníyìnyín.

Ìyá náà ń fi aṣọ nu ojú ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí Kílódé wọlé. Ó gba lẹ́tà, ó kà á, ó tún un kà.

"Ọmọ mi, ọjọ́ wo lẹ gba ohùn yìí?"

"Ọjọ́ Ajé ni mà, ní aago mẹ́wàá àárọ̀."

"Ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí?" Ìyá náà jókòó. "Ẹ̀rọ mi ti dákẹ́ láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mẹkáníìkì tó wá. Gbogbo yìnyín mi yọ́, omi kún gbogbo ilẹ̀ yìí. Kí lẹ wá gbọ́?"

Kílódé wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀rọ náà.

"Wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa," ni ìyá náà wí, ó rọra ká lẹ́tà náà. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ tẹnu mi náà o. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni."

Kílódé ń lọ sílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn, ọkàn rẹ̀ kò rìn. Bí ìyá yìí bá ń purọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe irọ́ ńkọ́? Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, kí ló ń dún? Ìbéèrè yìí gún un nínú bí ẹ̀gún ẹja.

Àǹtí rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí wọ́n lò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wọ inú igbó àti etí odò lọ, kó gba ohùn ẹyẹ àti ti omi sílẹ̀ fún àwọn olùwádìí. Kílódé bá a níbi tó ti ń ká wáyà mọ́ ìgbọ̀nwọ́, ó ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un.

Àǹtí fi íápíìsì sí etí, ó gbọ́ díẹ̀ nínú ohùn ọjọ́ Ajé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi ò ní í sọ fún ọ. Lọ bi máíkì léèrè."

"Ṣé máíkì ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Gbé e káàkiri, kí o máa gbọ́. Bọ́tìnnì tó ń mú ohùn rẹ̀ lọ sókè yẹn, má fọwọ́ kàn án. Ibi tó wà lọ́jọ́ Ajé ni kó wà."

Kílódé gbé máíkì lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó gbọ́ adìyẹ, ó gbọ́ aládùúgbò tó ń fọ abọ́, ó sì gbọ́ ṣììì lábẹ́ gbogbo wọn. Ó kọjú máíkì sí títì: ohùn mọ́tò pọ̀ sí i. Ó kọjú rẹ̀ sí ògiri: ohùn mọ́tò dínkù. Ṣùgbọ́n ṣììì yẹn kò pọ̀, kò dínkù. Ó dúró, ó fi ọwọ́ họ orí. Báwo ni ohun tó ń dún níta ṣe máa wà káàkiri ní ìwọ̀n kan náà, láti yàrá ìkàwé dé ẹ̀yìnkùlé ilé wọn?

Ó wọ yàrá. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì wé máíkì náà, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù láàrin aṣọ òtútù, ó gbé ìrọ̀rí lé e, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó wá fi íápíìsì sí etí. Mọ́tò ti lọ. Adìyẹ ti lọ. Abọ́ ti lọ. Ṣììì nìkan ló kù, bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ sílé.

"Àǹtí! Inú máíkì ló wà!"

"O káre," ni Àǹtí wí. Ó jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. "Kò sí máíkì tí kò ní ohùn tirẹ̀. Iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń fà á. Fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí rẹ méjèèjì. Kí lo gbọ́?"

"Hùùù báyìí."

"Ara rẹ nìyẹn. Ti máíkì náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wà níta, bí o bá sún mọ́ ọn, á pọ̀. Bí o bá bo máíkì, á dínkù. Ti inú máíkì kò mọ ilé, kò mọ oko. Níbi tí ariwo bá wà, ariwo á bò ó mọ́lẹ̀. Ibi tó bá dákẹ́ rọ́rọ́ ló ti ń yọjú. Ta tiẹ̀ ló yí bọ́tìnnì yìí dé òpin?"

"Èmi ni. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú yàrá yẹn, ni mo bá ń yí i, mò ń yí i..."

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. "O ò gbọ́ nǹkan kan! Ṣé o gbọ́ ohun tí o fẹnu ara rẹ sọ? Ìdákẹ́jẹ́ lẹ gbà sílẹ̀, ẹ wá ń pe ìdákẹ́jẹ́ lẹ́jọ́!"

Kílódé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rántí ìwé tó fọwọ́ sí, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó fa Ààrẹ sẹ́yìn kíláàsì, ó sọ ohun gbogbo fún un. Ààrẹ wo òsì, ó wo ọ̀tún.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ìwọ nìkan."

"Kó parí síbẹ̀ o. Ṣé ẹ̀rọ ìyá yẹn kì í dún láwọn ọjọ́ mìíràn ni? Ó ń dún! Kí wá ni irọ́ níbẹ̀? A ti sọ fún ọ̀gá ilé ìwé, a ti sọ fún gbogbo èèyàn. Orúkọ ta ló tiẹ̀ wà lórí ìwé? Tìẹ ni. Ìwọ ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní Kílódé kò mọ máíkì lò."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, kí a má purọ́. Ẹ̀rù bà á. Òun náà fẹ́ kí yàrá ìkàwé dákẹ́, òun náà fẹ́ yege, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òun ṣẹ̀sín. Ó mi orí fún Ààrẹ pé ó ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sán yẹn, ìyá tó rọra ká lẹ́tà ni ojú rẹ̀ ń rí.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kún. Alága, bàbá kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ kó tó fẹ̀yìntì, wọ kóòtù nínípọn nítorí pé fáànù máa ń dá òtútù sí i lára. Ìyá Oníyìnyín nìkan ló jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, báàgì rẹ̀ lórí itan. Olùkọ́ tan sípíkà. Ṣììììì. Àwọn èèyàn ń mi orí, wọ́n ń pòṣé.

"Ta ló gba ohùn yìí?" ni Alága béèrè.

Kílódé dìde. "Èmi ni, sà."

"Ṣé o lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀rọ ìyá yìí ló ń dún?"

Ààrẹ ń wò ó láìṣẹ́jú. Ìyá Oníyìnyín kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Rárá, sà," ni Kílódé wí. "Kì í ṣe ẹ̀rọ wọn. Mo ṣe àṣìṣe."

Gbọ̀ngàn hó yee. Olùkọ́ dìde, ó tún jókòó. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Kílódé so máíkì ọjọ́ Ajé tó mú wá mọ́ sípíkà, ó gbé e jìnnà sí i kí sípíkà má baà han gooro, ó sì yí bọ́tìnnì dé ibi tó wà lọ́jọ́ Ajé. Ikọ́ àwọn èèyàn ń jáde, àga ń dún, ṣììì náà sì wà níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ yá mi ní kóòtù yín."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá bọ́ kóòtù. Kílódé wé máíkì sínú rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin, ó gbá a mọ́ àyà. Ikọ́ lọ. Àga lọ. Ṣììì kò lọ síbì kankan.

Alága na etí, ó wo sípíkà, ó wo Ìyá Oníyìnyín, ó wo kóòtù rẹ̀. "Àbí ìyá yìí ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọ inú kóòtù mi ni?"

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan. Ìyá Oníyìnyín nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi etí ìborùn nu ojú.

Ìgbìmọ̀ sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n ní kí wọ́n lọ tún ohùn gbà. Kílódé jìyà rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, "Oníkóòtù" ni wọ́n ń pè é nílé ìwé, Ààrẹ kò sì bá a sọ̀rọ̀. Olùkọ́ gan-an kò tètè yọ́nú sí i, títí tó fi fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú kíláàsì pé òun ló yẹ kó ti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Máíkì mìíràn tí Àǹtí ní, tí ohùn inú rẹ̀ kéré gan-an, ni wọ́n lò ní ẹ̀ẹ̀kejì. Wọ́n gbà á nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbà á nígbà tó dákẹ́, wọ́n tún gbà á pẹ̀lú máíkì nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, bọ́tìnnì kò sì kúrò lójú kan. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ náà ń kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní igun fèrèsé kan péré. Wọ́n gbé tábìlì kúrò níbẹ̀. Ìyá Oníyìnyín fi rọ́bà sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, kíkùn náà rọlẹ̀, òun náà sì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí di òní.

Ọjọ́ ìgbàsílẹ̀ kejì yẹn, ta ló gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì wá? Ààrẹ ni. Kò sọ pé kí Kílódé má bínú. Ó kàn nà án sí i, ó ní, "Èyí nípọn ju kóòtù lọ."

Lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé ẹgbẹ́ wọn, Kílódé kọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ kà kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀: "Kí o tó ní ẹlòmíràn ló ń pariwo, kọ́kọ́ yẹ máíkì tìrẹ wò. Bí o bá sì rí i pé àṣìṣe tìrẹ ni, sọ ọ́ síta, kó tó di pé ẹni ẹlẹ́ni san gbèsè rẹ̀."