Orí Lẹ́tà Tí Wọ́n Yí Padà

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni Àyọ̀kẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọpẹ́ lẹ́tà méjì ni ọmọ náà dá padà.

"Tẹniọlá, dákun tún un kà fún mi."

Tẹniọlá ni ọmọbìnrin tó ń bá èèyàn tẹ íméèlì ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀m̀pútà kan ní àdúgbò Mayfair nílùú wọn. Ó tún un kà, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e lójú kọ̀m̀pútà. "'Mummy, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá àgbà. Lẹ́tà wọn àkọ́kọ́ mú inú mi dùn, àmọ́ ìkejì yẹn ló pa mí lẹ́kún.' Bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́, mà."

"Ìkejì wo?"

"Ohun tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn, mà."

Fáànù ń yí lókè, síbẹ̀ òógùn bo iwájú orí Àyọ̀kẹ́. Òórùn kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó wọlé. Àdí ni. Irú àdí tí Ìyá àgbà máa ń fi pa orúnkún.

Ìyá àgbà sì ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́.

Ìfẹ́ ló bí irọ́ tó wà nídìí lẹ́tà náà, ẹ má ṣe rò pé ìkà ni. Ìyá ọkọ Àyọ̀kẹ́ ni Ìyá àgbà, Àbíkẹ́ sì ni orúkọ wọn. Àwọn ni wọ́n tọ́ Adésọjí, ọmọ Àyọ̀kẹ́ yìí, láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Nínú gbogbo agbo ilé wọn ní àdúgbò Ilare, àwọn nìkan ló ń pè é ní Àjàgbé. Nígbà tí wọ́n papò dà, inú ilé níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá wọn, ni ẹbí sin wọ́n sí, wọ́n sì rẹ́ sìmẹ́ńtì lé e. Lọ́ńdọ̀nù ni Sọjí wà nígbà náà, ó ń retí ìwé ìgbélùú. Bí ó bá kúrò níbẹ̀ kí ìwé náà tó jáde, kò lè padà wọlé mọ́.

Bọ̀dá Láoyè, àkọ́bí olóògbé, na ìka sókè láàárín ẹbí. "Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ túfọ̀ fún ọmọ yẹn o! Ẹni tó bá wà lókèèrè, a kì í túfọ̀ fún un. Tó bá gbọ́, ó ń bọ̀ nìyẹn, gbogbo ìyà tó ti jẹ nínú òtútù á sì wọmi."

Àyọ̀kẹ́ gbà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pa àdúrà òwúrọ̀ jẹ, irọ́ kì í sì í rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a fi bo ọmọ láṣìírí, ó rò pé Ọlọ́run yóò fojú fò ó.

Sọjí ni kò jẹ́ kó rọrùn. Kò lè retí ohùn Ìyá àgbà lórí fóònù, nítorí wọn kò fọwọ́ kan fóònù rí láyé wọn. "Ẹni tí mi ò bá rí ojú ẹ̀, mi ò kì í dá a lóhùn," ni wọ́n máa ń wí. Ohun tí wọ́n fi kọ́ Sọjí ní kékeré náà nìyẹn. Bí ẹnì kan bá pè ọ́ láti ìta, tí o kò rí i, pa ẹnu mọ́. Ẹni tó ń pè lè máà jẹ́ ẹni tí o rò.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àwáwí láti ilé, ọmọ náà kọ̀wé pé: "Orúkọ Mummy ni mò ń rí lórí gbogbo lẹ́tà. Bí Ìyá àgbà bá wà, kí wọ́n rán tiwọn sí mi, kí orúkọ wọn sì wà lórí ẹ̀. Bí mi ò bá rí i, mò ń bọ̀ nílé wá wojú wọn."

Tẹniọlá ló mú ọgbọ́n wá. Ó ní ètò kékeré kan wà nínú kọ̀m̀pútà àwọn, olùrànlọ́wọ́ ni àwọn ń pè é. Ńṣe ló máa ń dúró ti ètò tó ń fi íméèlì ránṣẹ́, ohun tí a bá sì fẹ́ ni yóò kọ sí orí lẹ́tà: orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ibi tí èsì yóò gbà, àti ẹ̀rọ tí yóò gbé e lọ.

"A máa yí orí ẹ̀ padà ni, mà."

Àyọ̀kẹ́ di gèlè rẹ̀ mú. "Orí ta ni?"

Tẹniọlá bú sẹ́rìn-ín. "Orí lẹ́tà ni o! Ta ló fọwọ́ kan orí yín? Ara lẹ́tà á ṣì jẹ́ tiyín, orí ẹ̀ nìkan la máa fún Màmá."

"Orí òkú, ara alààyè." Àyọ̀kẹ́ mi orí. "Kò dùn ún gbọ́ létí."

"Ẹ̀yin náà, mà! Kọ̀m̀pútà ni, kì í ṣe oògùn."

Bó ṣe jókòó lórí àga onírin yẹn nìyẹn, tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ti lọ, tí Tẹniọlá sì ń tẹ̀ ẹ́: "Àjàgbé ọmọ mi, ara mi le. Má da ara rẹ láàmú láti wá sílé. Èmi fúnra mi ni n ó wá kí ọ." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn yọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ lè dùn. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rántí pé Ìyá àgbà kò ṣèlérí kankan rí kó yẹ̀.

Ní báyìí, Tẹniọlá fa èsì Sọjí wálẹ̀ lójú kọ̀m̀pútà. Lẹ́tà kejì náà rèé lábẹ́ rẹ̀, bí Sọjí ṣe rí i gbà:

"Àjàgbé, mo ti gbéra. Bí mo bá dé, láti ìta ni n ó ti pè ọ́. Kí o dá mi lóhùn."

Àyọ̀kẹ́ dìde lórí àga. "Ìyá kọ́ nìyí."

"Orúkọ wọn ló wà lórí ẹ̀, mà."

"Ìyá kò jẹ́ sọ pé kí ó dáhùn láé! Ọmọ yìí, ibo ni lẹ́tà yẹn ti wá?"

Tẹniọlá ṣí orí lẹ́tà náà sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé gbogbo ẹ̀rọ tí lẹ́tà bá gbà kọjá ló máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i lórí, èyí tó gbà á gbẹ̀yìn ni yóò wà lókè pátápátá. "Lọ́ńdọ̀nù rèé. Èkó rèé lábẹ́ ẹ̀. Àwa rèé níbí, Mayfair." Ó wo ìlà tó kù nísàlẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ó ku ọ̀kan nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gbéra."

"Níbo?"

"Ilare ni wọ́n kọ síbẹ̀, mà."

"Ilé wa kò ní waya fóònù. Kò sí kọ̀m̀pútà ní gbogbo àdúgbò wa."

"Mo mọ̀, mà."

Ìwé ìgbélùú kúrò lọ́kàn Àyọ̀kẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ọmọ òun ṣáà wà láàyè. "Tẹ̀ ẹ́ báyìí! Orúkọ tèmi ni kí o fi sí i o. 'Adésọjí, èmi Àyọ̀kẹ́ ìyá rẹ ni. Ìyá àgbà ti kú láti ìgbà ọyẹ́. Ẹni yòówù kó pè ọ́ láti ìta, má dáhùn.'"

Tẹniọlá tẹ orúkọ Àyọ̀kẹ́ sí i, ó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ojú kọ̀m̀pútà ṣẹ́jú. Ó gbé ẹ̀dà lẹ́tà tó lọ jáde: Àbíkẹ́ ló kọ ọ́.

Tẹniọlá pa olùrànlọ́wọ́ náà, ó tún lẹ́tà tẹ̀. Àbíkẹ́. Ó yọ ètò náà kúrò nínú ẹ̀rọ pátápátá, ó tún fi ránṣẹ́. Àbíkẹ́.

"Mà," ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "mo ti yọ ọ́ dànù. Kò sí nínú kọ̀m̀pútà yìí mọ́."

Òórùn àdí náà ti gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù orí tábìlì, èyí tí Sọjí máa ń pè bá ìyá rẹ̀, dún. Tẹniọlá gbé e, ó tẹ́tí, ó sì nà án sí Àyọ̀kẹ́ láìsọ̀rọ̀.

"Mummy, irú ẹ̀fẹ̀ wo nìyí?" Sọjí ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ọ̀fun. "Ìyá àgbà ń kọ̀wé sí mi pé Ìyá àgbà ti kú?"

"Òótọ́ ni, ọmọ mi. Èmi ni mo kọ ọ́. Ìyá ti lọ, Sọjí, a fi pamọ́ fún ọ ni. Forí jì mí."

Ẹ̀rín Sọjí tán. "Mummy, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ta wá ni... ẹ gbọ́. Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn?"

Àyọ̀kẹ́ tẹ fóònù mọ́ etí. Láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan lókè òkun, ẹnì kan ń pè.

"Àjàgbé o!"

Kì í ṣe ohùn Ìyá àgbà. Tiwọn wúwo, áṣáà ti jẹ́ kó há. Èyí tínrín, ó rọra gbọ̀n níparí bíi ti ẹni tó ń kọ orin ní ìjọ. Ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ohùn òun Àyọ̀kẹ́ ni, bó ṣe fi sọ̀rọ̀ lórí àga onírin yìí lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún.

Ó la ẹnu láti kígbe pé má dáhùn. Ètè rẹ̀ ń lọ, ahọ́n rẹ̀ ń lọ, ohùn kò jáde.

"Mà?" Tẹniọlá dì í léjìká mú. "Mà, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ dá a lóhùn!"

Nínú fóònù, inú ọmọ náà dùn bí ìgbà tó wà ní kékeré. "Ẹ̀ẹ́ẹ́, Ìyá àgbà! Mò ń bọ̀!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ sáré kọjá lórí pákó. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ẹnu Àyọ̀kẹ́ ṣì wà ní lílà, kò sí ohun kankan nínú rẹ̀, nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ níbẹ̀, tó rọra wọlé tọ ọmọ rẹ̀:

"Mo ti dé o, Àjàgbé."