Mọ́sálásí Tí Ṣùáíbù Kò Wọ̀ ní Síàn

Ẹ ti fura: ọkùnrin tó bá ti Ṣáínà dé kì í tètè pa ẹnu mọ́. Ṣùáíbù, ọmọ Kambolé tó ń tún katakata ṣe ní Sokodé, kò yàtọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ kọ́ṣẹ́ kún iṣẹ́ ní ìlú Síàn, ó sì gbé jákẹ́ẹ̀tì òtútù kan bọ̀ tí kò fẹ́ bọ́ lọ́rùn.

Jákẹ́ẹ̀tì náà ló wọ̀ ní ibùdókọ̀ Tchamba, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, nígbà tó rí Fúlèrá. Eruku pupa ti kun ìpéǹpéjú ọmọge náà bíi tìróò, ẹ̀rín sì ń jà án lẹ́nu.

"Mùsíyé, ṣé ibà ló ń ṣe yín?"

"Rárá o. Ṣáínà ni mo ti ń bọ̀."

"Yéè! Ṣé ó máa ń ranni?"

Ṣùáíbù bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Kí ọkọ̀ tó dé Sokodé, ó ti fi odi ìlú Síàn tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ hàn án, àti àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sì rì mọ́lẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ ọba tó ti kú. Inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà, Ṣùáíbù ló sì dúró níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ bá mi bẹ ẹni yìí kó sún díẹ̀," ni Fúlèrá wí, "kí n lè rí ọmọ ogun kan péré."

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́, Ṣùáíbù á kúrò ní Kouloundè, àdúgbò rẹ̀, ó di Komah, níbi tí Fúlèrá ti ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n bàbá Fúlèrá, Àlàájì Hàmídù, kì í fi ọmọ fún ẹni tí kò tíì wò dáadáa.

"Bí wọ́n bá kọ̀, mi ò ní kọjá ọ̀rọ̀ wọn o," ni Fúlèrá wí.

"Fọkàn balẹ̀, ààyò mi. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nípa mọ́sálásí ńlá Síàn ná."

Ó jókòó lórí ẹní Àlàájì nírọ̀lẹ́, ó ń ròyìn: òrùlé tó ká etí sókè, ọgbà òdòdó, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta. "Àlejò lásán kì í wọ ibi ìkírun wọn, Bàbá. Mùsùlùmí nìkan ni."

Àlàájì sún mọ́ ọn. "Ìwọ wọlé nìyẹn! Báwo ni ohùn lèmọ́mù wọn ṣe rí?"

Ṣùáíbù la ẹnu. Ta ni yóò ti Komah lọ bá a wádìí? Ojú rẹ̀ bọ́ sí Fúlèrá lẹ́nu ọ̀nà, irọ́ náà kò sì jáde mọ́.

"Mi ò wọlé, Bàbá. Wọ́n pe ìrun, wọ́n pè mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ya fọ́tò tán. Kí n tó ṣe tán, wọ́n ti sálámà, ìrun ti parí."

Ìpè Màgàríbà ló gba ọ̀rọ̀ mọ́ Àlàájì lẹ́nu. "Dìde," ló wí, "jẹ́ ká lọ."

Èjìká kan èjìká, Ṣùáíbù kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà náà. Kò lè tọrọ ohunkóhun. Ọpẹ́ nìkan ló dà sí i lọ́kàn: ọpẹ́ fún eruku Tchamba, ọpẹ́ fún ẹni tó fi í rẹ́rìn-ín, bó bá tiẹ̀ ṣe pé ó ti pàdánù rẹ̀.

Fúlèrá dúró dè é lẹ́nu géètì ilé wọn.

"Kí ló dé tójú yín fi kọ́rẹ́ lọ́wọ́, ọkọ mi?"

"Ọkọ ta ni? Ṣebí o rí i pé Bàbá ò dá mi lóhùn."

"Bàbá? Wọ́n ti gbà láti Jímọ̀ tó kọjá. Wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ nípa Ṣáínà ni."