Kọ́mú Inú Àpótí

"Kọ́mú wo lo fẹ́ rà? Mo ní, kọ́mú wo? Ṣé àpótí tó kún fún kọ́mú kò sí nínú ilé yìí ni, àbí ojú ń dùn ọ́?"

Yàrá ìránṣọ ni ariwo yẹn ti ń jáde. Màmá ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èmi àti bàbá mi kó lọ lẹ́yìn tí ìyá mi kú. Aránṣọ ni. Tó bá ń pariwo, àwọn abẹ́rẹ́ inú agolo pàápàá á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," ni bàbá mi wí. Aago ọwọ́ ló ń tún ṣe jẹun, ohùn rẹ̀ kì í sì í ju ti aago ọwọ́ lọ. "Kọ́mú àgbàlagbà ni wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ẹ tiẹ̀ wo eékún rẹ̀."

"Ó ṣubú! Ta ni kì í ṣubú? Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ó bá òun mu? Bi í!"

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, iyẹ̀pẹ̀ ní gbogbo aṣọ eré ìdárayá mi, ẹ̀jẹ̀ lójú eékún. Olùkọ́ eré ìdárayá ló dá mi padà sílé, ó ní mi ò gbọdọ̀ sáré mọ́ títí wọn yóò fi ra kọ́mú tó bá mi mu fún mi.

Òótọ́ ni Màmá sọ. Èmi ni mo sọ pé ó bá mi mu.

Nígbà tí àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, mo lọ sọ fún un. Ó ṣí àpótí ìyá mi, ó fa kọ́mú funfun kan yọ, ó ní, "Wọ̀ ọ́." Kọ́mú náà yí mi ká, ó tún ṣẹ́ kù. Màmá rẹ́rìn-ín, ó fi píìnì há a lẹ́yìn, ó fi àkísà kún iwájú. Òórùn pauda ìyá mi ṣì wà lára rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mi ò ti gbọ́ òórùn yẹn. Ta ni yóò bọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀?

"Ó bá ọ mu, àbí?"

"Ó bá mi mu, Màmá."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ìyàwó mi. Bó ṣe máa ń pe ìyá mi nìyẹn. Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Ère onígi aláìlórí kan wà nínú yàrá ìránṣọ, èyí tí aránṣọ fi ń dán aṣọ wò. Nígbà tí ìyá mi wà láyé ni Màmá ti fi fóòmù àti aṣọ di ère náà títí ó fi ṣe déédéé ara ìyá mi. Aṣọ aláwọ̀ búlúù tó ń rán fún un lọ́wọ́ nígbà tó kú ṣì wà lọ́rùn ère yẹn, apá kan péré ló ní. Ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò rán nǹkan kún aṣọ náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kọ́mú náà, mo dé láti ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan, aṣọ náà ti ní apá kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ní ọrùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí oòrùn kún inú ilé fọ́fọ́, mo gbọ́ tí Màmá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn. Mo rò pé oníbàárà ni.

"Má kánjú. Ó ti ń kún un. Ó ku díẹ̀." Ó dákẹ́, bí ènìyàn ṣe ń dákẹ́ kí ẹnì kejì lè sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu rẹ mà burú o, Ìyàwó mi!"

Mo yọ orí wọlé. Kò sí oníbàárà kankan. Màmá àti ère náà ni, ó fi téèpù yí i láyà.

Kọ́mú yẹn yàtọ̀ lára mi láti ìgbà náà. Láàárọ̀ màá wọ̀ ọ́, á rọ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, á dà bí apá ènìyàn tó gbá mi mọ́ra láti ẹ̀yìn, tí kò fẹ́ tú mi sílẹ̀. Wáyà rẹ̀ ha mí lábẹ́ apá títí ó fi di egbò. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ dá mi padà sílé yìí, mò ń sáré yí pápá lẹ́ẹ̀kejì, apá yẹn fún mi pọ̀ gírígírí. Èémí mi dúró. Ilẹ̀ ni mo bá ara mi.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ náà, mo wo Màmá lójú. Mo wo bàbá mi.

"Kò bá mi mu," ni mo wí. "Kò bá mi mu rí."

Bàbá mi mú fìlà rẹ̀. "Ó yá. À ń lọ."

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó ń ta kọ́mú, bàbá mi kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ìjọba fi ṣọ́ ilé ìfowópamọ́.

"Bàbá, ẹ wọlé o! Kọ́mú kì í géni jẹ!"

"Ibi tí mo wà yìí dáa, ẹ ṣeun."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó mú mi wọ ẹ̀yìn kọ́tínì, ó fa kọ́tínì náà pa. "Kí ni sáìsì rẹ, ọmọ mi?"

"Méjìdínlógójì." Mi ò tiẹ̀ ronú. Ohun tó wà lójú ewé mi nínú ìwé ìwọ̀n Màmá nìyẹn.

Ẹ̀rín bọ́ lójú rẹ̀. "Ta ló wọ̀n ọ́?"

Màmá kì í fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ láìwọn ẹni tó ni ín. Kódà ìbejì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń wọ̀n wọ́n. Ṣùgbọ́n kò fi téèpù kàn mí lára rí. Ìwọ̀n ara ère ló fi ń gé gbogbo aṣọ mi, á wá rán wọn wọlé lẹ́yìn náà. Ìwọ̀n ìyá mi ni wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ mi.

Ó fi téèpù yí mi ká nísàlẹ̀ àyà, lórí síńgílẹ́ẹ̀tì. "Méjìdínlọ́gbọ̀n," ló wí. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan kọ́kọ́ pe orúkọ mi.

"Wáyà kò kàn ọ́ rárá," ló ń wí bó ṣe ń kó wọn sílẹ̀. "Aṣọ òwú, tí okùn èjìká rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀. Wọ̀ ọ́. Ṣé ìka méjì wọ abẹ́ rọ́bà rẹ̀? Gbé ọwọ́ sókè. Tẹ̀ ba. Ó yá, fò!"

Mo fò. Mo tún fò. Kò sí ẹni tó dì mí mú.

"Mẹ́ta ni kí o ní: ọ̀kan lára, ọ̀kan nínú omi, ọ̀kan lórí okùn. Gbọ́ o. Tó bá ń dùn ọ́, ara rẹ kọ́ ló ṣẹ̀, kọ́mú ló ṣẹ̀. Má sì dákẹ́."

Mo fi láílọ́ọ̀nù di kọ́mú ìyá mi, mo gbé e sábẹ́ apá.

Nígbà tí a dé ilé, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lójijì. Màmá jáde. Aṣọ búlúù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti parí, bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Lẹ́yìn rẹ̀, ère náà wà níhòòhò. Ojú Màmá rọ̀, ó dùn bí ojú ẹni tí àlejò rẹ̀ dé láti ìrìn àjò.

"Ìyàwó mi," ló wí, "aṣọ rẹ ti yá. Wá wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi…" ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀.

Mo fa téèpù kúrò lọ́rùn Màmá. Mo fi yí ara mi ká nísàlẹ̀ àyà, lórí aṣọ, mo di ibi tó ti pàdé mú, mo sún mọ́ ọn.

"Ẹ kà á, Màmá."

"Kí nìyẹn?"

"Ẹ kà á sókè."

Ó tẹjú mọ́ ọn. "Méjìdín… méjìdínlọ́gbọ̀n." Ó mi orí. "Téèpù yìí ti fà. Irọ́ ló ń pa."

"Téèpù tí ẹ fi ń wọn gbogbo àdúgbò? Ta ló wá ni méjìdínlógójì tó wà lójú ewé mi?"

Ó bojú wẹ̀yìn wo ère náà, bí ẹni tó ń retí kí ó bá òun fèsì. Mo tú láílọ́ọ̀nù, mo gbé kọ́mú funfun náà lé e lọ́wọ́.

"Ìyá mi ló ni ín, Màmá. Ó sì ti kú. Èmi ni mo wà láyé, ẹ ò sì wọ̀n mí rí."