Ìbéèrè Àdùní

"Florentine, dúró dè mí!"

Florentine sọ garawa omi rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ Idigny. Àdùní, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àwọn méjèèjì, ilé wọn sì kọjú síra. Florentine ń lọ sílé ìwé, ó sì ti ṣèrìbọmi. Àdùní ní tirẹ̀ kò mọ ìwé. Oko àgbàdo ló ń bá Èṣùgbàyí, bàbá rẹ̀, ro. Ọdún kejì tí Dahomey gba òmìnira nìyẹn.

Solange, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí òun àti Florentine jọ wà ní kíláàsì, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

"Ó ní ohun tí mo fẹ́ bi ẹ́," Àdùní wí. "Lọ́jọ́ tí ẹ sin ìyá àgbà yín, orin lẹ̀ ń kọ. Ẹ ní ẹ ó tún fojú kàn án. Níbo? Ìyá tèmi náà ńkọ́?"

Nígbà òjò tó kọjá ni ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀.

Florentine mọ ohun tó yẹ kó sọ. Bàbá Barnabé, tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí pé ìhìn rere kì í ṣe ohun àfipamọ́. Ṣùgbọ́n bó ti fẹ́ la ẹnu ni Solange bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ kúnlẹ̀ o! Ìwàásù fẹ́ bẹ̀rẹ̀!"

Ojú ti Florentine.

"Ọ̀rọ̀ ìwé ni, Àdùní. Kò lè yé ẹ. Jẹ́ ká máa lọ."

Àdùní gbé omi rẹ̀ rù, ó sì ṣíwájú wọn.

Láti ọjọ́ náà ni Florentine ti ń wí nínú ara rẹ̀ pé lọ́la ni òun yóò sọ ọ́ fún un, nígbà tó bá ku àwọn méjì. Lọ́la dé, ó kọjá. Ìdánwò sẹtifíkà tó ń múra sílẹ̀ fún gba gbogbo ọkàn rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ibà kan wọ ìlú, irú èyí tí í mú ọrùn èèyàn le bí igi. Ó mú Àdùní. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Kétu, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. "Olúwa, jẹ́ kó yè," ni àdúrà Florentine lójoojúmọ́. "N ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un."

Àdùní yè. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, Florentine sáré wọ agbo ilé wọn, ó sì bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Àdùní, dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí o bi mí lọ́jọ́sí…" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún un: Jésù tó kú, tó sì jí, ìyè tí kò lópin. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni Àdùní ń wò.

"N ò gbọ́," Àdùní pariwo, bí ẹni tó wà lódìkejì oko. "N kì í gbọ́ nǹkan kan mọ́!"

"Ibà náà ti gba etí rẹ̀, ọmọ mi," Èṣùgbàyí wí láti ẹnu ọ̀nà. "Wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i."

Florentine pariwo sí i létí, pàbó ló já sí. Ó mú igi, ó ya àgbélébùú sílẹ̀. Àdùní wò ó títí.

"Oríta Adakplamè ni?"

Florentine mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ya obìnrin kan, ó na ọwọ́ sókè ọ̀run. Àdùní rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwòrán náà dára. Ni Florentine bá bú sẹ́kún. Àdùní fi etí ìró rẹ̀ nù ún lójú.

"Má sunkún. Kò dùn mí mọ́."

Florentine lọ bá Bàbá Barnabé. "Bàbá, kí ni mo lè ṣe?"

"N ò mọ̀, ọmọ mi. Ṣáà máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run kò ní kí o yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ẹnu rẹ ló ní kí o lò, o kò sì lò ó nígbà tí etí wà."

Ó ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ó ń bá a bó ẹ̀gẹ́, ó ń bá a pọnmi, ó sì ń kọ́ ọ ní álífábẹ́ẹ̀tì lórí yanrìn. Àdùní ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ ni nígbà tí bàbá rẹ̀ ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò òun obìnrin ní Okpomèta. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé e sí. Florentine sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Àdùní kò bojú wẹ̀yìn.

Florentine yege nínú sẹtifíkà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbúròó Àdùní mọ́, kò sì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá bi yín léèrè ìrètí tó wà nínú yín, ẹ dá a lóhùn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹni yòówù kó máa fi yín ṣẹ̀sín. Ẹnu la fi ń jẹ́rìí, etí la fi ń gbà á. Kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ tì nínú wọn.